Ọ̀dàlẹ̀ tó ń sunkún: ẹ wá bá mi dá sí ọ̀rọ̀ Alan Carr

ỌmọÌjẹ̀bú_Woolwich

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé mi, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá wa parí ẹ̀.

Ẹni tí kò bá wò ó, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. The Celebrity Traitors parí lórí BBC One lálẹ́ àná, Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá, 2025. Gbajúmọ̀ 19 ni wọ́n kó lọ sí ilé olódi Ardross ní apá òkè Scotland. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi aṣọ di gbogbo wọn lójú, Claudia Winkleman tó ń ṣe atọ́kùn wá ń rìn yí wọn ká, ó fọwọ́ kan èèyàn mẹ́ta: Alan Carr aláwàdà, Jonathan Ross, àti Cat Burns akọrin. Àwọn yẹn ló di Traitors, ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Àwọn 16 tó kù, Faithful ni wọ́n, olóòótọ́ nìyẹn, wọn ò sì mọ ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn. Lóru, Traitors á gbé aṣọ ńlá onífìlà wọ̀, wọn á forí korí, wọn á pa ẹnì kan. Pípa orí eré ni o, onítọ̀hún á kàn di ẹrù rẹ̀ lọlé ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn á jókòó sídìí tábìlì róbótó, wọn á ka ẹ̀sùn síra wọn lẹ́sẹ̀, wọn á sì dìbò lé ẹni tí wọ́n bá fura sí jáde. Bí Faithful bá lé Traitors tán, àwọn ló ni owó. Bí Traitor bá yọ́ dé òpin, òun ló kó gbogbo ẹ̀ fún àjọ aláàánú tó bá yàn.

Lálẹ́ àná ó ku mẹ́ta: Alan, Nick Mohammed, David Olusoga. Nick àti David rò pé ilé ti mọ́. Alan ní Traitor lòun, kò tíì sọ ọ́ tán tí ẹkún fi gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ní ọ̀rọ̀ náà ti ń fa òun ya nínú. £87,500 bọ́ sọ́wọ́ Neuroblastoma UK, àwọn tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú ọmọ wẹ́wẹ́.

Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ lánàá, aago mọ́kànlá ti kọjá kí n tó wọlé. Ìyàwó mi ní òun dúró dè mí, kí a jọ wò ó lórí iPlayer, ibi tí BBC ń kó eré sí lórí ayélujára. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ló ní kí a ta tẹ́tẹ́. Ó mú Alan, èmi mú Joe Marler, òun náà wà lára àwọn 19 yẹn. Ẹni tó bá pàdánù á máa fọ abọ́ títí di Kérésì.

Mo ti gbà láti fọ abọ́. Ohun tí mi ò gbà ni ẹkún yẹn. Ìyàwó mi ní òótọ́ ni. Mo ní ẹni tó lè tan gbogbo ilé jẹ bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ àtifi ẹkún parí ẹ̀tàn rẹ̀? Ẹ bá wa dá a.

Ṣadé_Peckham

Ẹkún òótọ́ ni jàre, ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbàgbé ohun tó sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni? Ó ní ó wu òun láti ṣe Traitor, àmọ́ òun máa ń làágùn, òun ò sì lè pa àṣírí mọ́. Ẹni tó ń làágùn torí irọ́, ẹkún ò jìnnà sí i.

Ilé àǹtí mi la ti wò ó, a tó mọ́kànlá nínú pálọ̀. Nígbà tí Alan la ẹnu, màmá àgbà wa bọ́ sálúbàtà, ó jù ú lu tẹlifíṣọ̀n! Bẹ́ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni màmá ti mọ̀ pé òun ni. Gbogbo wa la mọ̀. Ó ṣì dùn wọ́n bíi pé àwọn ló tàn jẹ. Mo ti ká gbogbo ẹ̀ sórí fóònù. Kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù, mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo ní nọ́ńbà ẹ̀.

Olùkọ́Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rí i tí ẹ kọ ọ̀dàlẹ̀ sí àkọlé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ńlá ṣeré. Ẹni tó dalẹ̀ ni ọ̀dàlẹ̀, ẹ ò sì lè dalẹ̀ tí ẹ ò kọ́kọ́ mu. Ìmùlẹ̀ ló ń ṣáájú. Èmi àti ìwọ jọ fẹnu kan ilẹ̀, a ní a ò ní ṣe ara wa, ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ni yóò bá lọ. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà.

Níbo ni Alan ti bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ nínú ilé yẹn? Gbogbo wọn ló mọ̀ kí wọ́n tó wọlé pé àwọn kan á máa purọ́. Ayò ni wọ́n ta. Nígbà tí a wà lọ́mọdé lábẹ́ igi ọdán, ẹni tó bá pa ọ́ láyò, ọ̀ta ni, ìwọ tí wọ́n pa, òpè ni ọ́. Wọ́n á kọrin bú ọ, wàá sunkún relé. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n pe ọ̀ta ní ọ̀dàlẹ̀.

Bàbá_Tòkunbọ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá Olùkọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n yọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu yín. Paloma Faith ńkọ́? Ọ̀rẹ́ Alan ni láyé tí kì í ṣe ti eré. Òun ni Alan kọ́kọ́ pa. Kì í tilẹ̀ ṣe lóru. Wọ́n ní kí àwọn Traitors pa ẹnì kan lójú gbogbo èèyàn, pé kí ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kan òdòdó lílì tí wọ́n pè ní olóró, kó sì fi ọwọ́ náà kan ẹnì kan lójú. Alan kan òdòdó, ó rìn bá Paloma, ó fọwọ́ kàn án lójú bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe sí ọ̀rẹ́. Obìnrin yẹn dúró, ó gbà á ní ìfẹ́.

Bàbá, ìyẹn náà ayò ni?

Olùkọ́Àgbà

Ìyẹn... ẹ jẹ́ kí n ronú sí i.

Màmá_Ìbejì_Leeds

Èmi rẹ́rìn-ín níbẹ̀, kí Ọlọ́run foríjì mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ Celia Imrie! Àgbà obìnrin, ìlú mọ̀ ọ́n, ó ti lé ní 70 ọdún. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ tí Claudia gbé fún wọn, gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n, la bá gbọ́ ọ, pùùù. Àwọn yòókù ń wo ara wọn. Màmá yìí ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n wádìí, ó ní òun ni, òun lòun só, ẹ̀rù ló fà á.

Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ náà pé obìnrin yìí ò lè jẹ́ Traitor. Ẹni tó jẹ́wọ́ ìsó, kí ló kù tó lè fi pamọ́?

Ṣadé_Peckham

😂😂😂 Màmá, ẹ ti pa mí

Túndé_Mancunian

Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ń yẹ̀ sílẹ̀ fún. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò lé jáde nídìí tábìlì yẹn, Niko Omilana. Ẹni kejì, Tameka Empson. Dúdú tẹ̀lé dúdú. Faithful sì ni àwọn méjèèjì. Kì í ṣe pé mò ń pe ẹnikẹ́ni ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí ẹ ò bá ní ẹ̀rí kankan, tí wọ́n sì ní kí ẹ nàka sí ẹni tó ń fu yín lára, ọwọ́ yín á kọ́kọ́ lọ sára ẹni tí ẹ ò mọ̀ dáadáa, ẹni tí kì í ṣe ọ̀kan nínú yín. Mo ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Owó kan sọnù, kò sẹ́ni tó dárúkọ mi, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọ́n ń bi léèrè ibi tí mo wà. Wọ́n rí owó yẹn lẹ́yìn ọjọ́ méjì nínú àpò ìwé ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí.

Bàbá_Tòkunbọ̀

Pẹ̀lẹ́, Túndé. Mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ti ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n Niko, àbúrò, iṣẹ́ rẹ̀ lójú YouTube ni kó máa tan èèyàn jẹ! Òun ló gbé àpótí ìbò olórí ìlú London ní 2021 fún ẹ̀fẹ̀, tó sì ṣe ipò karùn-ún. Bí èmi náà bá jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ní nínú wa ẹnì kan ń purọ́, òun ni màá kọ́kọ́ wò.

Túndé_Mancunian

Iṣẹ́ Alan náà ńkọ́? Aláwàdà ni. Nick ńkọ́? Aláwàdà tó ń pidán. Celia, òṣèré. Ta ló wà nínú ilé yẹn tí kì í fi ohun tí kò jẹ́ jẹun? Tameka ńkọ́ ná?

Ṣadé_Peckham

Ẹ̀gbọ́n Túndé, Cat Burns náà dúdú, ó sì dé alẹ́ tó kẹ́yìn.

Túndé_Mancunian

Traitor ni Cat. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò lè pa á lóru, òun náà sì wà lára àwọn tó ń yan ẹni tó máa kú. Mú ààbò yẹn kúrò lára rẹ̀, kí a wá wò ó.

Ṣadé_Peckham

Ó tó, mo gbọ́. Àmọ́ mi ò tíì gbà tán o.

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi òǹkà díẹ̀ sí i. Gbogbo ayé ló ń pe Faithful ní òpònú pé àṣìlé ni wọ́n ń ṣe títí wọ́n fi kan Jonathan Ross, Traitor àkọ́kọ́ tọ́wọ́ bà. Ẹ gbé ara yín sípò wọn. O mọ̀ pé ìwọ ò ṣe nǹkan kan. Èèyàn 18 ló kù lójú rẹ, mẹ́ta nínú wọn ló jẹ̀bi, ẹnì kan nínú mẹ́fà. Bí o bá di ojú, tí o nàka, o ti ṣì í ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú mẹ́fà. Bí o bá la ojú ńkọ́? Kò sí nǹkan kan láti rí! Kò sí ìtẹ̀ka, kò sí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni. Àwọn mẹ́ta tó mọ òótọ́ sì wà lára àwọn tó ń dìbò, ibi tí ìbò bá ti ń ṣubú lọ ni wọ́n á tì í sí.

Bí wọ́n ṣe dá eré yẹn sílẹ̀ gan-an nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Moscow, Dimitry Davidoff, ló gbé eré tí wọ́n ń pè ní Mafia jáde ní 1986: àwọn díẹ̀ tó mọ̀ dojú kọ ọ̀pọ̀ tí kò mọ̀. Àwọn ará Netherlands sọ irú ẹ̀ di ti tẹlifíṣọ̀n ní 2021, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní 2022. Kì í ṣe ọgbọ́n ló ń mú Faithful là, oríire ni. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga, tí wọ́n ti fi ojú Traitors hàn yín láti alẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ yín ló pọ̀ jù.

Akin_Mọ́kọ́lá

Ohun tó ń dùn mọ́ wọn nìyẹn! Èmi ò rí iPlayer níbí, Ìbàdàn ni mo wà, fọ́nrán gígé ni mò ń wò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé òǹwòran ò dìbò. Ní BBN, Big Brother Naija tiwa, èmi tí mo jókòó sí Mọ́kọ́lá, fóònù mi ni mo fi ń lé ẹni tí inú mi ò dùn sí. Imisi tó gbé e lóṣù tó kọjá, ìbò wa ló gbé e. Oyinbo wá ń wo eré tí wọn ò lè fọwọ́ kàn, ju mílíọ̀nù 11 ló sì jókòó tì í lálẹ́ àná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ni wọ́n ń wò gan-an?

Màmá_Ìbejì_Leeds

Ojú èèyàn ni, ọmọ mi. Ojú ẹni tó ń purọ́, àti ojú ẹni tó gbà á gbọ́, nínú àwòrán kan náà. Ibo la ti tún ń rí ìyẹn?

ỌmọÌjẹ̀bú_Woolwich

Màmá, ẹ káre. Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ọmọ wa, David Olusoga. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1970, bàbá ọmọ Nàìjíríà, ìyá Gẹ̀ẹ́sì, Gateshead ló dàgbà sí. Orúkọ yẹn dún bí ti Ìjẹ̀bú létí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àmì ohùn lórí ẹ̀, a ò mọ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ọ̀mọ̀ràn nínú ìtàn. Gbogbo ìgbà tó bá dìde pé òun ti ṣe ìwádìí, òun ti rí ẹ̀rí, n ó ti máa di ojú. Ó ṣì í, ó tún un ṣì. Ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kò rí Alan tó jókòó sí iwájú ẹ̀.

Màmá_Ìbejì_Leeds

Ẹ má bú David fún mi o. Ẹ̀yin ò mọ ìtàn ẹ̀. Kó tó pé ọmọ ọdún 15, àwọn National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ti kọlu ilé wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ wọn, wọ́n sì kó kúrò níbẹ̀ níkẹyìn. Ọmọ yẹn mọ ohun tó ń jẹ́ kí ogunlọ́gọ̀ pinnu pé ìwọ ni ọ̀tá. Ìgbà tí mo bá rí i tó ń nàka sí ẹnì kan, tó ń wá ìdí tó dájú tí yóò dìrọ̀ mọ́, àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí.

Nígbà tí Alan jẹ́wọ́ lánàá, David wọ́ ọ mọ́ra. Òun àti Nick. Kò bínú.

Túndé_Mancunian

Mi ò mọ ti ìkọlù yẹn. Ẹ ṣeun, Màmá.

Bàbá_Tòkunbọ̀

Ẹ padà síbi ọ̀rọ̀ Bàbá Olùkọ́, torí mo ti ń rò ó láti ìgbà yẹn. Ẹ ní kò sí ìdalẹ̀ níbi tí kò sí ìmùlẹ̀. Mo gbà. Ẹ wá gbọ́ eléyìí. Joe Marler, tó gbá rugby fún England tẹ́lẹ̀, òun àti Nick ti bára wọn ṣàdéhùn pé àwọn méjèèjì á jọ dé òpin. Faithful ni Joe, Faithful ni Nick. Joe sọ fún Nick pé Alan àti Cat ni. Ó sọ ọ́, ó sì jẹ́ òótọ́! Wọ́n lé Cat lọ. Ó ku mẹ́rin. Ta ni Nick wá dìbò lé?

Joe.

Ẹni tó sọ òótọ́ fún un, ẹni tó bá a mulẹ̀. Bàbá, ta ni ọ̀dàlẹ̀ inú ilé yẹn?

Ṣadé_Peckham

Áà.

Olùkọ́Àgbà

Háà. Èyí wúwo. Alan purọ́, kò yẹ àdéhùn. Nick ò purọ́ rárá, ó yẹ àdéhùn. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lédè wa, Nick ni. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ìbẹ̀rù ló mú un. Ó ń rò ó pé ẹni tó ń fi ọ̀nà han òun yìí, ọ̀nà wo ló ń fi hàn mí gan-an? Joe ti mọ̀ jù lójú ẹ̀.

Mo yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí Paloma pẹ̀lú. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ní ìmùlẹ̀ tirẹ̀ bí a ò tilẹ̀ fẹnu kan ilẹ̀. Mo ṣì ń sọ pé ayò ni. Ṣùgbọ́n ká ní èmi ni Paloma, tí Alan bá wá kí mi nílé, màá kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹ̀.

Oníṣirò

Èmi ò bá yín lọ síbẹ̀. Nick ṣe ohun tí eré fẹ́ kó ṣe. Bí o bá gbẹ́kẹ̀ lé ẹnì kan pátápátá nínú ilé tí Traitor wà, o ti sọ ọrùn ara rẹ sílẹ̀. Oríire ló bà á jẹ́ fún un.

Bàbá_Tòkunbọ̀

Kí Oníṣirò má ṣe ìyàwó rẹ̀ báyìí ṣá.

Alákòóso

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ eré ni kí ẹ sọ, ẹ fi ìyàwó onílé sílẹ̀.

Akin_Mọ́kọ́lá

Ìyàwó onílé tí Alákòóso mẹ́nu bà yìí, ó rán mi létí nǹkan kan. Mo fẹ́ bi ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ìbéèrè kékeré kan. Ẹ̀gbọ́n, aago mélòó lẹ wọlé lánàá?

ỌmọÌjẹ̀bú_Woolwich

Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kí ló dé?

Akin_Mọ́kọ́lá

Àǹtí Ṣadé ní kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù, òun ti fi fọ́nrán Alan ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí òun ní nọ́ńbà ẹ̀. Ta ló mú ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ wá, ẹ̀yin ni àbí ìyàwó yín?

ỌmọÌjẹ̀bú_Woolwich

Dúró ná. Ṣadé, ìwọ yìí kọ́ ni ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwọ àti ìyàwó mi?

Ṣadé_Peckham

Ẹ̀gbọ́n, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mi ò dára o, ẹ ẹ́ gbọ́ mi mọ́

Màmá_Ìbejì_Leeds

Hàà! Ẹ̀hìnkùlé lọ̀tá wà!

ỌmọÌjẹ̀bú_Woolwich

Mo ti bi í léèrè. Ó wà níwájú síìnkì, ó ń wò mí. Ó ní kí n bi àwọn ará ilé bóyá òun bá mi ṣàdéhùn pé òun ò tíì wò ó.

Kò bá mi ṣe é. Ó ní òun dúró dè mí, kò ní òun ò tíì rí i. Bàbá Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, abọ́ wà nílẹ̀.

Olùkọ́Àgbà

Ọ̀ta ni ìyàwó rẹ. Lọ fọ abọ́.